Lẹ́sìn wo, ìyẹn kíláàsì ìmúrasílẹ̀, ni kéèyàn sanwó fún kó tó lọ jókòó ṣe ìdánwò PE?

Ká tó dórí ọ̀rọ̀ lẹ́sìn rárá, ìdánwò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti COREN o. Mo ń rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Faculty of Technology ní UI, títí kan àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti wà lórí sáìtì láti ọjọ́ pípẹ́. COREN ni òfin 1970 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ nílùú wa níbí. PE (Professional Engineer) ní tiẹ̀, ìdánwò láísẹ́ńsì ẹnjiníà ti Amẹ́ríkà ni, ẹni tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún tàbí tó ti ń bá ilé iṣẹ́ wọn ṣiṣẹ́ láti yàrá ẹ̀ ní Bódìjà tàbí Akóbọ̀ ló máa ń wá a. Tẹ́ ẹ bá ní PE, kò sọ yín di ẹni COREN, tẹ́ ẹ sì ní COREN, àwọn ará ibẹ̀ á ṣì ní kẹ́ ẹ wá jókòó.

Ìdánwò ọ̀hún pín sí méjì. FE (Fundamentals of Engineering) lèèyàn ń kọ́kọ́ ṣe, òun ló ń yẹ ohun tẹ́ ẹ kọ́ ní yunifásítì wò. PE ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín wò, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kéèyàn ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ńsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń jẹ́ kéèyàn ṣe ìdánwò náà kí ọdún yẹn tó pé. Àjọ tí wọ́n ń pè ní NCEES ló ń ṣètò ìbéèrè méjèèjì, àmọ́ NCEES kì í fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ńsì, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀dù tiẹ̀, Texas ní tiẹ̀, Florida ní tiẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn látìgbà tí Wyoming ti kọ́kọ́ ṣòfin ẹ̀ ní 1907.

Ìdí tí mo fi ń la gbogbo èyí sílẹ̀ ni pé lẹ́sìn tí wọ́n ń tà fún ìdánwò yìí wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ní olùkọ́ ló ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, owó ìdánwò PE fúnra ẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 400 lọ́tọ̀, ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn á tún ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí School of PE, á rí PPI, á rí EET, á rí Testmasters, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn làwọn dáa jù, orí á wá dàrú.

Èrò tèmi lórí ẹ̀ ò gùn: ìbéèrè ìdánrawò ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra olùkọ́. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, àbí mẹ́fà àbọ̀ tí ASUU bá ti dá sí i, ti gbọ́ Bernoulli rí, ó ti ya bending moment títí ó fi sú u. Ohun tí ò mọ̀ ni bí NCEES ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà tí kò wúlò kún un kéèyàn lè ṣìnà, ibi tí fọ́múlà wà, àti bó ṣe máa parí ẹ̀ kí àkókò tó lọ. Gbogbo ìyẹn, ìbéèrè tèèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ló ń kọ́ni, fídíò ọgọ́rùn-ún wákàtí kò lè kọ́ni. Torí náà tí wọ́n bá ń polówó pé àwọn ní wákàtí báyìí báyìí, ẹ bi wọ́n léèrè pé ìbéèrè mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé àlàyé ìdáhùn wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé ó ń ka àkókò, ṣé ó jọ bó ṣe máa rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, torí pé kì í ṣe A, B, D nìkan ni wọ́n ń béèrè mọ́, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà sí i, kẹ́ ẹ yan ìdáhùn tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí kẹ́ ẹ fa nǹkan láti ibì kan síbòmíì.

Ẹ wo àkókò yẹn dáadáa. FE jẹ́ ìbéèrè 110 láàárín wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20, tẹ́ ẹ bá pín in, ìbéèrè kan ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. PE jẹ́ 80 fún wákàtí 8, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà. Ohun tí FE fẹ́ ni ìyára, ohun tí PE fẹ́ ni ìjìnlẹ̀ àti sùúrù, nítorí náà lẹ́sìn tó dáa fún àbúrò yín tó ń ṣe FE lè má dáa fún yín, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ń tà á. Àti pé ìdáhùn tẹ́ ẹ bá ṣì kì í dín máàkì kù, ẹ má fi ìkankan sílẹ̀ lófo.

Handbook ńkọ́? NCEES máa ń gbé ìwé kan sójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀pọ̀ fọ́múlà ló wà nínú ẹ̀, èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀, á sì gbé e wá. Ìwé tara yín ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀fẹ́ ni handbook yìí, tẹ́ ẹ bá ti ṣí àkáǹtì MyNCEES ẹ lè wà á sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí. Lẹ́sìn tí olùkọ́ ẹ̀ bá ń kọ fọ́múlà láti orí ara ẹ̀ síwájú bọ́ọ̀dù, tí kì í sọ fún yín pé ojú ewé báyìí ló wà nínú handbook, ẹ sá fún un. Kálikulétọ̀ náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n gbà, inú wa dùn pé Casio fx-991 tí gbogbo wa ń rà ní Agbowó àti Dùgbẹ̀ wà lára ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ handbook yìí ló gbé mi dé ibi tí owó ti ń ṣòfò jù, ìyẹn ohun èlò àtijọ́. Títí di ìparí 2021, orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe PE Civil, wọ́n sì gbà kéèyàn kó ìwé tó bá wù ú wọlé, àwọn kan máa ń wọ́ àpótí onítáyà wọ gbọ̀ngàn. Ọdún 2022 ni wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà. April 2024 ni wọ́n tún yí i padà, tẹ́lẹ̀ ìdajì ìbéèrè ni gbogbo ẹni tó ń ṣe civil jọ máa ń dáhùn, ìdajì kejì ló jẹ́ ti ẹ̀ka tèèyàn yàn, ní báyìí látòkè délẹ̀ ti ẹ̀ka yẹn ni, yálà construction, geotechnical, structural, transportation, tàbí water resources and environmental. Ẹ wá ronú ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ fún ní PDF tó ti wà nílẹ̀ láti 2018, tó lọ fọ́tòkọ́pì ẹ̀, tó ń fi bébà aláwọ̀ lẹ orí kọ̀ọ̀kan kó lè tètè ṣí i lọ́jọ́ náà. Bébà aláwọ̀ yẹn ò ní rí ọjọ́ ìdánwò sójú. NCEES máa ń gbé ìwé kan jáde lórí sáìtì wọn tó sọ kókó tí wọ́n máa béèrè lé lórí ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àti bí ìbéèrè á ṣe pọ̀ tó lórí kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkóónú lẹ́sìn tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, kẹ́ ẹ fi bírò sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá bá a mu, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀dínwó tó wù kí wọ́n ṣe.

Wàyí o, mo ní kẹ́ ẹ má ra olùkọ́, àmọ́ ibì kan wà tí mo rò pé ó tọ́ káwa tí a kàwé níbí sanwó fún olùkọ́, ibẹ̀ sì ni kóòdù, ìyẹn ìwé òfin tí ẹnjiníà ń tẹ̀ lé tó bá ń ṣírò iṣẹ́, àti ìwọ̀n. BS 8110, kóòdù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní reinforced concrete, àwọn míì Eurocode, kilonewton àti millimetre lọwọ́ wa mọ́. Ẹ dé PE Civil, feet, inch, pound àti kip lẹ máa bá níbẹ̀. Kip kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún pound, bíi 4.45 kilonewton. Ìyẹn ò le, kálikulétọ̀ á yí i padà. Ohun tó le ni pé kóòdù wọn ò jọ tiwa. BS 8110 ń lo agbára kọnkéré tí wọ́n fi kúùbù dán wò, ACI 318 ti Amẹ́ríkà ń lo ti sílíńdà, kọnkéré kan náà o, nọ́ńbà tí sílíńdà máa fún yín sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti kúùbù. Ẹni tó bá mú àṣà ilé wọ ibẹ̀ á rò pé kọnkéré òun lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ẹ tún wo ẹrù, àwa ti fi 1.4 fún dead load (ìwúwo ilé fúnra ẹ̀) àti 1.6 fún live load (ìwúwo èèyàn àti ẹrù inú ẹ̀) sórí bí àdúrà, àmọ́ nígbà tí méjèèjì bá pàdé níbẹ̀, 1.2 àti 1.6 ni wọ́n sábà ń lò. Ọwọ́ á ti kọ 1.4 kí ọpọlọ tó rántí, ẹ sì lè gbà mí gbọ́ pé ìdáhùn tí 1.4 ń mú jáde lè jókòó jẹ́jẹ́ láàárín àwọn tẹ́ ẹ máa yàn nínú ẹ̀, torí pé àwọn tó ń ṣe ìbéèrè mọ àṣìṣe tí èèyàn ń ṣe.

Àwọn ará iná náà ò gbẹ́yìn. 230 àti 415 volt la mọ̀ nílé, Hertz 50. Ẹni tó fẹ́ ṣe PE Power máa bá 120, 208, 277 àti 480 pàdé, Hertz 60, pẹ̀lú ìwé òfin wáyà wọn tí wọ́n ń pè ní NEC, tó nípọn tó sì ní ibi tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe mechanical HVAC, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀rọ amúlétutù, tó jẹ́ pé one horse àti one and half horse la fi ń ra AC ní Mókọ́lá, á bá Btu àti ton of refrigeration tí wọ́n fi ń wọn agbára AC lọ́hùn-ún, ton kan jẹ́ Btu 12,000 ní wákàtí kan. Àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà ò ní ṣàlàyé gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ o, wọ́n rò pé látìgbà èwe lẹ ti mọ̀ ọ́n. Torí náà tí wọ́n bá fún yín ní fídíò kan wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má wo ti math, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọ́n ti ṣí kóòdù kan gan-an, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀ ń bá a lọ tàbí ẹ ti sọ nù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ń ṣe geotechnical tàbí water ò ní rí ìdààmú yìí tó ti structural, ìyàtọ̀ ìwọ̀n ló máa kàn án jù.

Live tàbí fídíò tó ti wà nílẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú aago Ìbàdàn. Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní New York, aago mọ́kànlá alẹ́ ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀rùn wọn, tó bá sì di November tí wọ́n bá yí aago wọn padà, ó di ààjìn òru, aago méjìlá gééré. Tó bá jẹ́ Texas ni olùkọ́ wà, ẹ fi wákàtí kan sí i. Kíláàsì ọ̀hún á gba wákàtí mẹ́ta, ẹ sì máa lọ sí sáìtì láàárọ̀. Yàtọ̀ sí èyí iná ńkọ́, ẹni tó ń gbé Band A lè rẹ́rìn-ín, ẹni tó wà ní apá Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí Òlódó tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ láàárín òru kí wọ́n tó máa kọ́ ọ ní shear flow, owó epo ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó lẹ́sìn dọ́gba. Fídíò ni mo máa sọ fún ọ̀pọ̀ wa pé kó mú, àmọ́ ẹ béèrè ohun méjì kẹ́ ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ lè wà á sílẹ̀ lóru nígbà tí dátà rọ̀ kẹ́ ẹ wò ó lẹ́yìn náà, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ti lè wò ó, torí wákàtí kan fídíò tó mọ́ dáadáa lè gbé gígà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, oṣù mélòó ni wọ́n máa fi ṣí i sílẹ̀ fún yín.

Live dáa fún irú ẹni kan ṣá, ẹni tó ti kúrò nílé ìwé fún ọdún mẹ́wàá, tí kò lè jókòó fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó ń dúró dè é. Ẹ mọ ara yín.

Ọ̀rọ̀ oṣù yẹn ló ká mi lára jù nínú gbogbo ẹ̀, torí pé àwa níbí, ìwé ẹ̀rí ọ̀pọ̀ wa ò jáde láti iléèwé tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀dù púpọ̀ á sì ní kí NCEES kọ́kọ́ yẹ dìgírì yín wò, transcript yín sì gbọ́dọ̀ ti iléèwé lọ bá wọn tààrà. Gbogbo wa la mọ bí transcript ṣe ń rìn. Ẹni tó bá ra lẹ́sìn olóṣù mẹ́fà lónìí, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé transcript lọ́la, àkókò tó rà á ti tán kó tó mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà á láyè láti jókòó. Torí náà ẹ kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ka ohun tó béèrè, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àti bóyá ẹ máa nílò físà láti débẹ̀, kí transcript máa lọ, láàárín ìgbà yẹn handbook ọ̀fẹ́ lẹ ó máa kà. Owó lẹ́sìn á tún ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìpolówó wọn wò díẹ̀. Wọ́n á ní nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún ló ń yege lọ́dọ̀ àwọn. Ká ní èèyàn 100 sanwó, 60 kà á dópin, 30 péré ló padà wá sọ èsì wọn, 27 nínú wọn yege. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa tí wọ́n bá kọ 90%, ṣùgbọ́n 73 yòókù dà? NCEES fúnra wọn máa ń gbé iye ẹni tó ń yege jáde fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń tún un ṣe, tìyẹn máa ń kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Iléèwé tó bá ń ka nọ́ńbà tiẹ̀ fún yín láìsọ èwo nínú méjèèjì ló kà, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ.

Gàràǹtì tí wọ́n ń ṣe náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó ń dùn létí ni, “tẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi a ò ní já yín kulẹ̀”. Ẹ ka nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Nínú púpọ̀ wọn owó kọ́ ni wọ́n máa dá padà, kíláàsì ọ̀hún náà ni wọ́n máa jẹ́ kẹ́ ẹ tún ṣe, wọ́n sì lè ní ẹ gbọ́dọ̀ ti wo fídíò tó pọ̀ tó iye kan, kẹ́ ẹ ti parí gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá, kẹ́ ẹ sì ti jókòó ṣe ìdánwò láàárín àkókò tí wọ́n dá. Iná ṣẹ́ yín lọ́rùn ní kíláàsì mẹ́ta, gàràǹtì ti lọ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń dá owó jọ, èèyàn mẹ́rin á ra lẹ́sìn kan, wọ́n á jọ máa lo password kan. Mo mọ ìdí ẹ̀, ọwọ́ ò sí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnì kan ni, tí wọ́n bá rí i pé Challenge àti Ìwó Road ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n lè ti àkáǹtì yẹn pa, owó ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì wọmi. Ohun tó sàn ni kí ẹ̀yin mẹ́rin jọ máa ṣe ìbéèrè pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí kálukú ra ìwé tiẹ̀ tó kéré lówó, kẹ́ ẹ máa jiyàn lórí ìdáhùn, èyí ń ṣiṣẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Expo ńkọ́? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ní òun ní ìbéèrè tó jáde gan-an, yálà irọ́ ló ń pa, tàbí ó ń tà yín ní wàhálà, torí gbogbo ẹni tó bá jókòó ló ti gbà pé òun ò ní sọ ohun tó rí síta, NCEES sì lè fagi lé èsì èèyàn tàbí kó fòfin de ẹ̀. Ìbéèrè àdáṣe tí NCEES fúnra wọn ń tà wà, kò wọ́n tó lẹ́sìn, ó sì sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ wá ọjọ́ Sátidé kan, ẹ pa fóònù, ẹ gbé aago síwájú, ẹ ṣe é láì wo ìdáhùn. Tẹ́ ẹ bá gba ohun tó lé ní ìdajì dáadáa láìtíì kàwé, ẹ ò nílò lẹ́sìn olówó ńlá, ẹ ra ìbéèrè sí i, ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ kókó méjì péré ló pa yín, ẹ wá ẹni tó ń ta kókó méjì yẹn lọ́tọ̀, àwọn kan máa ń gé e tà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè látòkè délẹ̀, a jẹ́ pé lẹ́sìn kíkún tọ́ sí yín, ẹ sì máa mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sanwó ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti ṣe é tí kò yege, NCEES máa ń fi ìwé kan ránṣẹ́ tó fi bó ṣe ṣe lórí kókó kọ̀ọ̀kan hàn án (ẹni tó yege kì í gbà á, ó yege nìkan ni wọ́n máa sọ fún un). Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín ju ìwé yẹn nù, òun ló máa sọ lẹ́sìn tẹ́ ẹ máa rà lẹ́ẹ̀kejì, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ máa rà rárá. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn ṣe é láàárín oṣù méjìlá, àwọn bọ́ọ̀dù míì tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ má sáré lọ mú ọjọ́ ìdánwò míì kẹ́ ẹ tó ka ìwé yẹn tán.